Síìmù Tí Kò Ti Ṣọ́ọ̀bù Ọmọ Mi Wá

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá ní "ọmọ mi", bàbá rẹ ni mò ń sọ. Bí mo bá ní "ẹ̀gbọ́n mi", Màmá Àgbà tó wà ní abúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iléṣà ni, ẹni tó pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa ń lọ sóko. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ wá ti mọ̀ wá.

Ọmọ mi ń ta fóònù ní Newtown. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó kún. Ó ń tún ojú fóònù tó fọ́ ṣe, ó ń ta ìbòrí fóònù aláràbarà, ó sì ń ta síìmù. Síìmù inú ṣọ́ọ̀bù náà pọ̀ bí ẹ̀gúsí tí wọ́n sá sóòrùn. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ láti ilé wa wá sí Johannesburg, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra láìnì àkọ́kọ́. Èmi ìyá rẹ̀ nìkan ni ò lo ọ̀kankan nínú wọn. Láìnì tí mo gbé wá láti ilé ni mò ń lò, láti ọjọ́ tí mo ti wá wẹ ọmọ tuntun fún un. Àbúrò rẹ tí mo wá wẹ̀ náà ti ń gbé báàgì lọ sílé ìwé báyìí, ó ti ń bá mi jiyàn lórí ẹran ọbẹ̀, láìnì mi ṣì wà níbi tó wà.

Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ọmọ Èkó kan wà tó ń ta irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ mi, ó gbọ́ tí mò ń bá ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé láìnì ilé lẹ ṣì ń lò? Ẹ̀yin náà ò ra ọjà lọ́wọ́ ọmọ yín?"

Mo ní, "Ìyá aláró pàápàá máa ń wọ funfun."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí abọ́ oúnjẹ, ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ti bù nínú ẹran.

Bí láìnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àbíkẹ́yìn mi, àǹtí rẹ tó wà ní Òṣogbo, ló ń bá mi ra dátà sí i láti ọ̀hún. Kì í ṣe irú dátà tí àwọn ará ilé ń rà. Ti ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni. Ìpè wà nínú rẹ̀, wíwò wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń tètè tán bí iyọ̀ nílé ọlọ́mọ púpọ̀. Òun ni mo fi ń wo ìsìn ìjọ wa ní Iléṣà lọ́jọ́ Sunday, tí mo bá ti ti ìjọ ibí dé. Òun ni mo fi ń gbọ́ ohùn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹni tó kọ́lé, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, ẹni tó kàn fẹ́ kí n gbọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí páànù rẹ̀.

Ìwọ lo kọ́kọ́ pè é ní nǹkan mìíràn. O ní, "Grandma, it's a foreign line." Mo ní kí lò ń sọ, o wá sọ ọ́ ní Yorùbá tí mo kọ́ ọ, pé láìnì àjèjì ni. Ó yà mí lẹ́nu. Mo jókòó, mo rò ó. Lóòótọ́, ìhín ni wọ́n bí ọ sí. Ojú ọ̀nà Auckland Park tí à ń gbé yìí lo ti kọ́ ìrìn. Bí ẹnìkan bá ní ibo ni ilé rẹ, ibí ni wàá nàka sí, o ò ní purọ́. Èmi ni mo gbé láìnì àjèjì wọ ilé onílé. Mi ò bá ọ jiyàn nígbà náà, mi ò sì ní bá ọ jiyàn báyìí. Ṣùgbọ́n ní etí tèmi, gbogbo fóònù tó kù nínú ilé yìí ló jẹ́ àjèjì.

Ohun tí mo fi di láìnì yìí mú ò ju ẹ̀gbọ́n mi lọ. Nílé wa, àbúrò kì í jí kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìkúnlẹ̀ kí ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Àgbà náà kì í sì í dá a lóhùn lásán. Á kì í ní oríkì. Á mú un láti ìdí bàbá dé ìdí ìyá, títí ara rẹ̀ á fi yá, tí á fi mọ̀ pé òun kì í ṣe ewé tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Láti ìgbà tí ìyá wa ti lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló ń kì mí. Nígbà tí mo lọ sílé ọkọ, mo rò pé ó ti parí, fóònù wá dé, a gbé e sórí fóònù. Nígbà tí mo wọ bàálù wá sí ìhín, mo tún rò pé ó ti parí. Láìnì yẹn ló gbé ohùn wọn tẹ̀lé mi.

Ilẹ̀ ibí máa ń mọ́ ṣáájú tiwọn. Mà á ti mu tíì mi, mà á ti rí àwọn taxi tó ń sáré kó àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n tó jí lọ́hùn-ún. Mà á wá kúnlẹ̀ sórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìdáná, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, mà á pè wọ́n. Wọn ò rí mi, ṣùgbọ́n wọ́n á ní, "Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

Mà á ní, "Mo ti kúnlẹ̀, mà."

Wọ́n á ní, "Lóòótọ́ ni, mo gbọ́ bí orúnkún rẹ ṣe ké."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀, ní èdè Ìjẹ̀ṣà wa pọ́ńbélé, èyí tí mi ò rí ẹni bá sọ nínú ilé yìí, torí ìyá rẹ kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà, bàbá rẹ sì ti gbàgbé ìdajì.

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré ni tiwọn. Wọn ò mọ̀wé, bí èmi náà ò ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọmọ wọn kan ló bá wọn fi ohùn àkùkọ sí nọ́ńbà tèmi nìkan. Bí àkùkọ bá kọ nínú fóònù, èmi ni. Bó bá jẹ́ ohùn mìíràn, wọn kì í gbé e, àfi bí ẹni tó mọ̀wé bá wà nítòsí tó bá wọn wò ó. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé pé nọ́ńbà àjèjì kan wà tó máa ń pe èèyàn, pé ẹni tó bá gbé e á ṣubú, kò ní dìde mọ́. Mi ò tíì rí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ dán an wò.

Ọmọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu lórí dátà.

Ó ní, "Mọ́mì, ohun tí láìnì yín ń jẹ, ó tó ti gbogbo ilé yìí."

Mo ní, "Ṣé ọwọ́ rẹ ni mo ti gbà á? Àbúrò rẹ ló ń rà á."

"Èyí tí mò ń fi ránṣẹ́ sí i náà ló fi ń rà á, Mọ́mì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. O wá rí i pé ọmọ dáadáa ni ọ́."

Ìyá rẹ tó ń ro sèmó bú sẹ́rìn-ín nídìí sítóòfù, ọmọ mi sì bojú wò ó. Ẹ̀yìn mi ni ìyá rẹ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì nídìí tó fi wà níbẹ̀. O rántí ọ̀sán ọjọ́ tí iná lọ, tí kò dé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo yín bá a lọ. O ní iṣẹ́ ilé ìwé tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, o ń rìn ká yàrá bí adìẹ tó ń wá ibi tó máa yé sí, o ń ní "eish, eish". Mo ní tèmi ń ṣiṣẹ́. O ò gbà mí gbọ́. O wá gbà á, o wò ó, o pariwo. O ṣàlàyé fún mi pé láìnì mi ò ní ilé tirẹ̀ níhìn-ín, pé òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá rí ló ń fara tì, bí ọ̀kan bá kú á lọ kan ilẹ̀kùn òmíràn. Ti yín, òpó kan ṣoṣo ni, bó bá ti kú, ó parí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ojú kì í jẹ́ kí onílé lọ sùn sílé aládùúgbò. Àlejò ní tirẹ̀, ibi tó bá ti rí iná ló máa yà sí."

Ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé ló mu nínú dátà mi. Ìyá rẹ mu níbẹ̀. Àwọn ọmọ Zulu tó wà lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Gogo, please," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà, mo ní ẹ máa wọlé. Nígbà tí ọmọ mi ti ṣọ́ọ̀bù dé, inú òkùnkùn ló bá wa, gbogbo wa yí fóònù mi ká bí ẹni tó ń yá iná.

Ó dúró, ó ní, "Mọ́mì, dátà tó yẹ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ fi ṣe sàráà yìí?"

Mo ní, "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

Ó ní, "Èmi ni Ọlọ́run á rán."

Ó jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun á fi láìnì tòun sínú fóònù mi. Ó ní òun fúnra òun á máa bá mi fi í pe Màmá Àgbà ní àràárọ̀, pé ohùn ò ní yàtọ̀, kódà pé á mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ọmọ ọlọ́mọ ń ṣiṣẹ́ kára. Mo ní bó bá jẹ́ pé ohùn ẹ̀gbọ́n mi á ṣì máa wọlé, kò burú. Ó fi abẹ́rẹ́ yọ síìmù mi, ó dì í sínú bébà, ó kì í bọ àpò owó rẹ̀. Èmi, òun, àti ìyá rẹ, kò sẹ́ni tó rántí àkùkọ nínú wa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀. Ọmọ mi tẹ nọ́ńbà. Ó dún títí, wọn ò gbé e.

Ó ní, "Bóyá wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀."

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa máa tẹ̀ ẹ́, èmi náà sì ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ó kàn dákẹ́. Obìnrin inú fóònù ń sọ èdè rẹ̀, pé ẹni tí mò ń pè kò sí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, nígbẹ̀yìn la tó gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń sun iṣu. Fóònù dún, kì í ṣe àkùkọ. Wọ́n pe ọmọ ilé kejì kan tó ń lọ sílé ìwé pé kó bá wọn wò ó. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ìyá, nọ́ńbà yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa o. Òkèèrè ló ti ń wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òun náà nìyẹn! Má tẹ nǹkan kan! Gbé e sílẹ̀!"

Bí àwa ṣe ń fi ìfẹ́ tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ikú tó pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣì lè jẹ́ pé ó ṣìnà, ṣùgbọ́n èyí tó ń pè léraléra mọ ẹni tó ń wá. Wọ́n gbé omi àdúrà tí wọ́n gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì jáde, wọ́n dà á sínú abọ́ ńlá, wọ́n ti fóònù bọ̀ ọ́, wọ́n ń ka Sáàmù lé e lórí. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń ké nínú omi. Nígbà tó dákẹ́, gbogbo agbo ilé ké Halelúyà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi jí, wọ́n jókòó de ìkúnlẹ̀ mi, wọ́n wá rántí pé fóònù ti kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Nọ́ńbà náà, òkèèrè ló ti wá. Àbúrò àwọn, òkèèrè ló wà. Bó bá jẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ńkọ́? Láti orí ìyẹn, wọn ò jẹun mọ́.

Èmi náà ò jẹun dáadáa. Ìyá rẹ gbé ẹ̀kọ wá, mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti dàgbà gan-an. Èmi gan-an ti di arúgbó, àwọn ló sì pọ̀n mí. Àárọ̀ tí wọ́n ṣì máa fi kì mí ò lè pọ̀ mọ́, èyí tó bá sì kọjá láìkí wọn, kò sí ibi tí wọ́n ti ń rà á padà. Mò ń kúnlẹ̀ lórí tìmùtìmù lásán. Ọmọ mi rí mi bẹ́ẹ̀, ó gba ẹ̀yìn lọ.

Àbíkẹ́yìn mi ló pè é láti Òṣogbo. Ọmọ mi wà nílé, a jọ gbọ́ ọ.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí."

"Ṣé wọ́n wà láàyè?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọbẹ̀ ni wọ́n ń bù yìí."

"Àwọn ará abúlé ló pè mí. Màmá Àgbà ti ṣí gèlè kúrò lórí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Àwọn èèyàn ti ń wá kí wọn kú ọ̀fọ̀."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú ọmọ mi yí padà, ó rí bó ṣe máa ń rí nígbà tó wà ní kékeré tí nǹkan bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tó fi fa àpò owó rẹ̀ yọ. Bébà náà wà níbẹ̀. Òun tó ń fi síìmù sínú fóònù látàárọ̀ dalẹ́, abẹ́rẹ́ kọ̀, kò wọ ihò. Mo ní, "Fara balẹ̀. Bí mo bá ti kú, mi ò ní jókòó tì ọ́."

Ní kùtù ọjọ́ kejì, àbíkẹ́yìn mi wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Nígbà tó dé ibẹ̀, a fi láìnì mi pè é. Mo gbọ́ ariwo àwọn èèyàn, mo gbọ́ tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e sétí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni o. Mo ti kúnlẹ̀, mà."

Ohùn wọn ti há. Wọ́n ní, "Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? A ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe ohùn èèyàn. Ẹ̀rọ ò sì lórúnkún."

"Èmi gan-an ni."

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni, òjò ti ṣú. Àwa méjèèjì wà lẹ́yìnkùlé. Kí ni ìyá wa ń wí?"

Mi ò rò ó rárá. Ó fò jáde lẹ́nu mi pẹ̀lú ohùn ìyá wa gan-an: "Ẹ kó aṣọ! Ẹ kó àgbàdo! Ẹni tí ò bá rí nǹkan kó, kó kó ara rẹ̀ wọlé!"

  Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹkún ń bọ̀ láti inú wọn, kó tó délẹ̀ ó ti di èébú.

"Olóríkunkun! Níbo lo wà? Níbo lo gbà lọ? O jẹ́ kí n ṣí orí sílẹ̀ lójú ayé!"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mi ló yí láìnì mi padà."

"Òun ló rán ikú sí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? Gbé e fún un!"

Mo na fóònù sí i. Kí n tó nà án tán, ọmọ mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì ìdáná, pẹ̀lú ṣòkòtò tó wọ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. O wà níbẹ̀, o rí i, o bo ẹnu rẹ.

"Ṣé o ti dọ̀bálẹ̀?"

"Mo ti dọ̀bálẹ̀, mà."

"Àyà rẹ kan ilẹ̀?"

"Ó kan ilẹ̀, mà."

Mo rò pé èébú ló kàn. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Èmi náà máa ń kì í níhìn-ín, bó bá ń jẹun tàbí tó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kánjú kì í gbọ́ oríkì dé ìdí. Ọjọ́ yẹn, kò lè dìde. Wọ́n mú un láti orí ilẹ̀ tí bàbá ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, wọ́n mú un gba inú oko, wọ́n mú un gba ojú ogun, wọ́n mú un dé ẹ̀yìn ìyá tó pọ̀n ọ́n. Èdè Ìjẹ̀ṣà tí mo rò pé ó ti gbàgbé, mo rí i ní èjìká rẹ̀ pé ó ń yé e. Nígbà tí wọ́n parí, kò dìde. Mo kọjú sí fèrèsé, mò ń wo àwọn mọ́tò tó tò sídìí robot, iná tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, kí ó lè nu ojú rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi ra fóònù onítọ́ọ̀ṣì mìíràn fún wọn, ó sì kìlọ̀ fún wọn pé omi àdúrà ti èèyàn ni, kì í ṣe ti fóònù. Láìnì mi ti padà sí àyè rẹ̀. Ọmọ mi ò rán ẹnikẹ́ni ní Òṣogbo mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ìhín ra dátà náà sí i, kó tó di pé ó tán. Ọmọ Èkó tó ń ta irun bi í pé kí ló dé tí Mọ́mì rẹ̀ ò tíì ra síìmù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ní, "Èyí tí wọ́n ń lò, mi ò ní irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù."

Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ mi ti ń sáré jáde, búrẹ́dì á wà lẹ́nu rẹ̀. Báyìí, á wọ bàtà, á bọ́ ọ, á ní òun ń wá nǹkan ní ìdáná. Kò sí ohun tó ń wá. Láàárọ̀ òní, ẹ̀gbọ́n mi kì mí, ara mi yá, mo dúpẹ́, mo fẹ́ pa fóònù. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ìsàlẹ̀. Ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì pa á. Wọn ò tíì kì mí."